Ta Ni Yóò Jókòó sí Àga Doreen?

Duluth, Minnesota
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án

Aili ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí. Bí omi tútù bá wà nítòsí, bu díẹ̀ mu. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: wọ́n ti pààrọ̀ músítáàdì pápá ìṣeré wa. Ti àtijọ́, èyí tó máa ń ta èèyàn nímú, tó bá kán sí aṣọ tí kì í lọ mọ́, wọ́n ti gbé e lọ. Ohun tí wọ́n ń tú sórí sọ́séèjì báyìí dùn bí oyin, ó sì pọ́n bí ìgbẹ́ ọmọ tuntun. Gus Petrich tó ń jókòó lẹ́yìn wa bọ́ fìlà rẹ̀. A dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Yàtọ̀ sí èyí, àlàáfíà ni mo wà. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ náà wà ní New Zealand lọ́hùn-ún? Ṣé àwọn màlúù tí ò ń tọ́jú ń bí wọ́ọ́rọ́wọ́? Mo mọ̀ pé fóònù lè yanjú gbogbo èyí, ṣùgbọ́n o mọ òfin ilé wa. Láti ọjọ́ tí o pe ìyá rẹ láàárín eré àwa àti ẹgbẹ́ Toledo lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tí ẹni tó yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó méjèèjì wá gbá a mọ́ òpó, kò sí fóònù mọ́ láàárín àwa àti ìwọ láti oṣù Kẹsàn-án títí sáà yóò fi parí. Ìyá rẹ ló ṣòfin náà. Mi ò lè torí pé ó ti kú kí n wá máa rú u.

Ọ̀rọ̀ àga rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Àga kẹrìnlá ní ìlà kejìlélógún ti wà lórúkọ rẹ̀ láti ọdún tí a ṣègbéyàwó. Ọ́fíìsì Afọ́yìnyín, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, ti kọ̀wé sí mi pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ní àga méjì, nítorí náà èmi tí mo ni ìkẹtàlá kò lè jogún rẹ̀. Ọmọ nìkan ló lè jogún rẹ̀. Ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó jókòó sí i, kó fọwọ́ síwèé, kí eré ìkẹyìn sáà yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò di ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè pátápátá nínú ìwé àwọn tó ń dúró. Dókítà eyín kan ní Saint Cloud ni. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń dúró. Ó ti fi káàdì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí mi. Ó béèrè níbẹ̀ bóyá oòrùn máa ń wọ ojú ẹni tó bá jókòó sí àga náà.

Eré ìkẹyìn yẹn bọ́ sí Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá. Àwa àti Toledo ni, níbí. Wá, Aili.

Lánàá tí sáà bẹ̀rẹ̀, mo fi jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ aláwọ̀ ewé sórí àga náà kó má baà ṣófo. A borí. Lọ́dún tó kọjá, a kò borí nílé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bàbá rẹ,
Toivo


Invercargill, New Zealand
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọ̀fọ̀ músítáàdì.

Àwọn màlúù ń bí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, mọ́kàndínlógójì ni mo ti ọwọ́ bọ̀ nídìí. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́. Àwọn ará ibí náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin, àmọ́ wọn kì í dé akoto, wọn kì í sì í dá eré dúró kí wọ́n lè polówó ọṣẹ. Mo sọ fún wọn pé lọ́dọ̀ tiwa, eré wákàtí kan máa ń gba wákàtí mẹ́ta. Wọ́n bi mí bóyá ara àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ni kò yá.

Ẹ má bínú, Bàbá, ọ̀rọ̀ wà ní ikùn mi. Ojú ewé méjì ni lẹ́tà yín. Ẹ fi ọ̀kan ṣọ̀fọ̀ músítáàdì, ẹ fi èkejì sọ̀rọ̀ àga. Ibo lẹ fi mí sí? Nígbà tí Màmá kú nínú oṣù Kẹrin, ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta ni mo wọ̀, ọjọ́ kejì tí ẹ sin wọ́n tán ni mo tó wọlé. Ẹ kò dúró dè mí. Ẹ ní ọjọ́ tí mo ń bọ̀ gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun lórí tẹlifíṣọ̀n, pé Màmá kò ní fẹ́ kí ìsìnkú àwọn dí ìyẹn lọ́wọ́. Mo ní kò burú. Ó burú, Bàbá. Ní báyìí ẹ ní kí n wá jókòó. Ṣé èmi lẹ fẹ́ rí ni, àbí ìdí tí yóò kún àga lẹ̀ ń wá?

Ohun kan tún wà. Nígbà tí eré bá ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́sàn-án Àìkú, àárọ̀ kùtùkùtù Ajé ni níbí. Ní Ajé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé ìdáná mi, pá, pá, bí Màmá ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Èmi nìkan ni mò ń gbé. Mi ò lọ wò ó. Èmi tí kì í sá fún akọ màlúù, mo fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí.

Mi ò ṣèlérí pé mo ń bọ̀. Ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ yín,
Aili


Duluth
Ogúnjọ́, oṣù Kẹwàá

Aili ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Lẹ́yìn náà mo jáde lọ gé koríko tí mo ti gé lánàá. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ló máa ń bá mi fèsì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí mo mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti gbá nílé, ẹ̀ẹ̀mẹrin la borí. Jákẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ wà lórí àga ní gbogbo ìgbà. Àwọn ará ìlà wa ti wá dá àṣà kan sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọjá lọ ra bíà, wọ́n á fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní, "Doreen, jọ̀ọ́, káṣẹ̀ kúrò ńlẹ̀." Ẹni tó ń ta ṣokoléètì gbígbóná kì í bi mí léèrè mọ́, ife méjì ló ń nà sí mi. Mo máa ń mu méjèèjì. Mi ò fẹ́ kó rò pé a kọ ọjà rẹ̀.

Lánàá, òjò rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Gbogbo wa tutù bí ẹja. Nígbà tí mo gbé jákẹ́ẹ̀tì náà, ó gbẹ. Mo pe Gus.

"Gus, wá fọwọ́ kan nǹkan yìí."

"Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ìwọ tó o fi ọgbọ̀n ọdún fọ́ àpáta nílé ìwakùsà?"

"Àpáta ò jẹ́ ìyàwó ẹnì kankan," ó ní. "Toivo, fi Doreen sílẹ̀ síbi tó wà. A ṣáà ń borí."

Èyí tí mi ò sọ fún Gus rèé. Nínú ìdá kẹta eré, ọ̀kan nínú àwọn alátakò gba bọ́ọ̀lù, ó ń sá lọ geere, kò sẹ́ni tó lè bá a. Mo gbọ́ ohùn kan létí òsì mi: "Ẹsẹ̀ ẹ̀! Ẹ di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ẹ fi orí ẹ̀ sílẹ̀!" O mọ ohùn yẹn. Òun ló máa ń jí ọ lójú oorun ní gbogbo Àìkú tí o fi wà ní kékeré. Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa bẹ́ mọ́ ọn, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, alátakò náà ṣubú. Mo yíjú. Jákẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ nàró bí ẹni pé orí wà nínú rẹ̀.

Nípa ohun tí o kọ nípa ìsìnkú, mo ń rò ó. Mo ṣì ń rò ó.

Wá, kí ìwọ náà wá gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Toivo


Invercargill
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kọkànlá

Bàbá mi,

Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn ló mú mi. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ni n óò kúrò níbí. N óò bá yín jẹ oúnjẹ Kérésìmesì, n óò wọ gbogbo aṣọ tí mo ní ní ìpele ìpele, n óò sì jókòó sí àga Màmá lọ́jọ́ eré Toledo. Ẹ kọ̀wé sí dókítà eyín yẹn kó lọ ra àga tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo tún gbọ́ àtẹ́wọ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí mo dìde. Kò sẹ́nì kankan nínú ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kẹ́tùlù tí mi ò gbé kaná gbóná. Mo dúró wò ó títí. Lẹ́yìn náà mo fi omi rẹ̀ po tíì, mo mu ún. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ṣé ẹ ò tíì ta bẹ́ẹ̀dì mi?

Ọmọ yín,
Aili


Duluth
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá

Aili ọmọ mi,

Bẹ́ẹ̀dì rẹ wà. Àwọn àpótí wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà.

A ti borí nílé nígbà mẹ́fà nínú mẹ́fà. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tọ́rọ̀ dé. Bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, ẹni tó bá borí láàárín àwa àti Toledo lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni yóò wọ ìdíje àṣekágbá. A kò dé ibẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ajubọ́ọ̀lù Toledo kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ, apá rẹ̀ sì gùn bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi. Bí a bá fún un láyè kó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ju bọ́ọ̀lù kọjá wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò dá pé, kò sì gbé ibi tí yìnyín wà rí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti orí adágún ẹ̀gbẹ́ pápá wá, tí àwọn olùdènà wa sì lé e sápá òsì, yóò ju bọ́ọ̀lù náà fún àwọn ẹja. Mo ti yà á sínú ìwé. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ilé ìdáná, níbi tí fọ́tò ìgbéyàwó wa wà tẹ́lẹ̀.

Ní báyìí, mo fẹ́ kí o fara balẹ̀. Àwọn ará ìlà wa ṣèpàdé lánàá, nínú ilé ìtọ̀ àwọn ọkùnrin, nítorí ibẹ̀ ló móoru. Mo sọ fún wọn pé ò ń bọ̀ wá jókòó. Kò sẹ́ni tó yọ̀. Wọ́n ní kò sí ohun tí wọ́n bá ọ jà sí. Wọ́n ní ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ń dá jókòó síbẹ̀ la ti ń borí, pé bí ara alààyè bá kan àga yẹn, oríire ti tán. Wọ́n dìbò. Mọ́kànlá ní kí o má jókòó. Èmi kò nawọ́. Gus ní, "Toivo, ọmọ yóò máa jẹ́ ọmọ ẹ títí ayé, àmọ́ Toledo ò ní padà wá títí ọdún tó ń bọ̀."

Nítorí náà, jọ̀ọ́, má wá lóṣù Kejìlá. Wá lóṣù Kejì. Bí àga náà bá di ti dókítà eyín, ká gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Toivo


Invercargill
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá

Bàbá,

Mo ti gbọ́. Mo ti dá tíkẹ́ẹ̀tì padà.

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí bọ́ọ̀lù sáré ju ọkọ̀ tó ń gbé mi bọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo sọ fún ara mi pé ọ̀fọ̀ ló dà yín lórí rú. Ti èyí, ìbò ni wọ́n dì.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé, n kò gbọ́ àtẹ́wọ́ mọ́. Kẹ́tùlù tutù. Ó jọ pé wọ́n ti yan ẹni tí wọ́n máa gbè lẹ́yìn.

Aili


Duluth
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejìlá

Aili,

Èmi ni Gus Petrich tó máa ń jókòó lẹ́yìn àwọn òbí ẹ, tó sì máa ń da bíà sí wọn lọ́rùn bí inú mi bá dùn. Mi ò kọ lẹ́tà rí, àfi èyí tí mo kọ sí kóòtù. Má fi mí rẹ́rìn-ín.

A borí lọ́jọ́ Àìkú. Méje nínú méje. A ti jáde dé ibi tá a gbọ́kọ̀ sí, a ń yan sọ́séèjì, ariwo ń sọ, ni ẹnì kan bá ní, "Toivo dà?" Mo padà wọlé. Aago márùn-ún ti kọjá, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti pa iná. Àwọn tó ń gbálẹ̀ dúró sísàlẹ̀ ìlà wa, wọn ò gòkè. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àwọn méjì yẹn ò fẹ́ lọ sílé."

Mo ní, "Àwọn méjì wo?"

Ó na ìgbálẹ̀ ẹ̀ sókè síbi ìlà wa.

Bàbá ẹ nìkan ni èmi rí o. Ó jókòó, yìnyín ti kún itan ẹ̀. Mo ní, "Toivo, dìde, ẹran ń jóná."

Ó ní, "Ní sùúrù. Doreen ò tíì ká bùláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tán."

Ètè ẹ̀ ti dúdú. Apá jákẹ́ẹ̀tì yẹn sì dúbúlẹ̀ lórí ọwọ́ ẹ̀, bí ìgbà téèyàn di ọwọ́ ẹlòmíì mú. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ pé kí o gba nǹkan kan gbọ́. Ohun tí mo rí ni mo kọ.

Dókítà ní díẹ̀ ló kù kí òtútù gba méjì nínú ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ti wà nílé báyìí. Mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un lánàá. Àwo méjì ló gbé sórí tábìlì, kò sì ní kí èmi jókòó.

Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ lọ́jọ́ ìdìbò yẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, tó bá di ọjọ́ eré Toledo, bàbá ẹ ò ní dìde níbẹ̀ mọ́. A ó borí, a ó sì wá ní àga méjì tó ń mú oríire wá. Èmi ò fẹ́ oríire kejì yẹn.

Bí o bá fẹ́ wá, wá. Má sọ fáwọn ará ìlà pé mo kọ̀wé.

Gus


Duluth
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá

Aili ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé láàárọ̀ yìí. Ọkọ̀ tó yá jù ni mo ní kí wọ́n fi gbé èsì yìí, n óò sì kọ ọ́ kúkúrú kí ọkàn mi má baà yí padà.

O béèrè nígbà kan bóyá ìwọ ni mo fẹ́ rí. Mo ti rò ó tán. Mo parọ́ nípa ìsìnkú. Ìyá rẹ kò bìkítà fún yíyan agbábọ́ọ̀lù. Ó máa ń sùn lọ bí wọ́n bá dé orí ẹni kẹrin. Èmi ni mi ò lè lo ọjọ́ méjì sí i nínú ilé yìí, kí n mọ̀ pé ó wà nínú àpótí nínú yàrá òtútù, tí mi ò sì lè bò ó láṣọ. Mo fẹ́ kó parí. Mo wá nǹkan tí mo lè máa wò. Ojú sì ń tì mí láti sọ fún ọmọ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta pé ẹ̀rù ló bà mí.

Mo ti lọ bá àwọn ará ìlà nílé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀. Mo ní ọmọ mi yóò jókòó. Ọ̀kan ní, "Toivo, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti ń dúró!" Mo ní ọmọ mi náà ń dúró. Gus nìkan ni kò jiyàn. Ó ṣe mí ní kàyéfì.

Mo sọ fún jákẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú. Kò fèsì. Obìnrin tó pariwo fún ogójì ọdún. Mo bá gbọn yìnyín ara rẹ̀ dànù, mo fi í kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì wà níbẹ̀.

Wá, Aili. Bí a ó bá pàdánù, ká pàdánù. Ẹnu ọ̀nà kẹta pápá ni n óò ti dúró dè ọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ eré, mi ò ní wọlé títí o ó fi dé.

Bàbá rẹ,
Toivo


Káàdì láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Auckland
Ogúnjọ́, oṣù Kejìlá

Bàbá mi,

Irọ́ ni mo pa fún yín náà. Mi ò dá tíkẹ́ẹ̀tì padà. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà. Mo máa dé ṣáájú káàdì yìí. Síbẹ̀, ẹ kà á.

Mo ń bọ̀. Ẹ kó àwọn àpótí kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Aili


ÌKÉDE PÀTÀKÌ FÚN GBOGBO ONÍ-ÀGA
Láti Ọ́fíìsì Àga àti Tíkẹ́ẹ̀tì, Ẹgbẹ́ Afọ́yìnyín Duluth
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejìlá

Nítorí ìjì yìnyín tó ń ti orí adágún bọ̀, eré ọ̀la láàárín ẹgbẹ́ wa àti Toledo yóò wáyé láìsí òǹwòran kankan. Gbogbo ẹnu ọ̀nà pápá yóò wà ní títì. A rọ àwọn oní-àga láti jókòó sínú ilé pẹ̀lú àwọn ẹbí wọn, kí wọ́n wo eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n.

Níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè jókòó, a ti fagi lé òfin jíjogún àga fún sáà yìí. Gbogbo àga yóò máa wà lórúkọ tó wà lára rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹni tó ni orúkọ náà wà láàyè. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti rin ìrìn àjò nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní àfikún, obìnrin àgbàlagbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wa bá lórí àga kẹrìnlá ní ìlà kejìlélógún ní ìrọ̀lẹ́ àná, tí kò wọ jákẹ́ẹ̀tì nínú òtútù bẹ́ẹ̀, tí kò sì dá wọn lóhùn: a fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún yín pé òfin títi ẹnu ọ̀nà yìí kàn yín náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé.